Niels Bohr àti Agbo inú Átọ́ọ̀mù

Ẹni tí ó bá ti jókòó ti ààrò rí yóò ti ṣàkíyèsí pé bí iyọ̀ bá dà sínú iná, ọwọ́ iná náà a yí padà, a sì pọ́n bí ìyeyè. Bí ó bá ṣe bàbà ni iná ń jó, àwọ̀ ewé ni ọwọ́ iná náà yóò mú. Lónìí àti lọ́la, ní ilé wa níhìn-ín àti ní òkè òkun, àwọ̀ iyọ̀ kì í yí padà di ti bàbà, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ bàbà kì í yí padà di ti iyọ̀. Kí ni ó fà á? Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọmọ aráyé ti ń rí ohun yìí láìmọ ìdí rẹ̀. Ìtàn ọkùnrin tí ó la ọ̀nà tí a fi mọ ìdí náà ni mo fẹ́ sọ nínú àyọkà yìí.

Ní ìlú Copenhagen, tí í ṣe olú ìlú Dẹ́ńmáàkì, ni a gbé bí Niels Bohr ní ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1885. Christian Bohr, bàbá rẹ̀, jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì ìlú náà. Ẹ̀kọ́ nípa bí ẹ̀yà ara ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ó ń kọ́ni. Ellen Adler, ìyá rẹ̀, jẹ́ ọmọ Júù láti ìdílé oníbáńkì ọlọ́rọ̀ kan. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí: Jenny ni àkọ́bí, Niels tẹ̀ lé e, Harald sì ni àbíkẹ́yìn. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá wọn a máa pé jọ sí ilé náà ní alẹ́ láti jíròrò ọ̀ràn ìmọ̀, a sì máa gba àwọn ọmọkùnrin méjèèjì láàyè láti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n máa gbọ́. Wọn kò gbọdọ̀ dá sí i, ṣùgbọ́n etí wọn kò di.

Bí ìbejì ni Niels àti Harald ṣe rí sí ara wọn. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kan náà. Aṣọ́lé ni Niels, ṣùgbọ́n Harald ni ògbóǹtarìgì. Ó wà nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù Dẹ́ńmáàkì tí wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà ní ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 1908 ní London, lẹ́yìn èyí ni ó di àgbà nínú ìmọ̀ ìṣirò. Níti Niels, ọ̀rọ̀ kì í yá lẹ́nu rẹ̀, ìwé kíkọ sì ni í lára. Ó lè kọ lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí lẹ́ẹ̀márùn-ún kí ó tó fi ránṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ni ó ń bá a kọ ohun tí ó bá ń sọ, nígbà tí ó sì gbéyàwó, aya rẹ̀ gba iṣẹ́ náà ṣe. Mo sọ èyí nítorí àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n rò pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá yá kò ní ọpọlọ.

Nígbà tí ó wà ní yunifásítì, ó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà ti Ẹgbẹ́ Ọ̀mọ̀wé Dẹ́ńmáàkì nítorí ìwádìí tí ó ṣe lórí bí ojú omi ṣe ń fà mọ́ra. Nínú yàrá àyẹ̀wò bàbá rẹ̀ ni ó ti ṣe é. Ní ọdún 1911, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé. Iṣẹ́ tí ó fi gba oyè náà jẹ́ lórí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú irin, wúrà, bàbà àti irú wọn. Ohun kan sì hàn sí i gbangba nínú iṣẹ́ náà: àwọn òfin tí a fi ń ṣàlàyé ìrìn òkúta, ọkọ̀ ojú omi àti òṣùpá kò tó láti ṣàlàyé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú irin. Bàbá rẹ̀ kò rí ọjọ́ oyè náà, nítorí ó kú ní oṣù Èrèlé ọdún yẹn kan náà.

Ẹ jẹ́ kí á dúró níhìn-ín díẹ̀ kí á sọ ohun tí átọ́ọ̀mù jẹ́. Bí a bá mú wúrà tí a gé e sí wẹ́wẹ́, tí a tún gé wẹ́wẹ́ náà títí a ó fi dé èyí tí a kò lè gé mọ́ kí ó ṣì máa jẹ́ wúrà, ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́ ni átọ́ọ̀mù wúrà kan. Bí a bá to irú rẹ̀ 300,000 lé ara wọn, èyí tí í ṣe ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọn yóò nípọn tó ewé ìwé kan. Ó pẹ́ tí àwọn ènìyàn rò pé kò sí ohunkóhun nínú átọ́ọ̀mù bí kò ṣe òun fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1897, J. J. Thomson ti Yunifásítì Cambridge fi hàn pé ohun kan wà tí ó fúyẹ́ ju átọ́ọ̀mù lọ fíìfíì, tí ó gbé agbára iná mànàmáná, tí a sì lè fà jáde láti inú átọ́ọ̀mù gbogbo. Ohun náà ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù.

Ọ̀dọ̀ Thomson yìí ni Bohr lọ nígbà ìwọ́wé ọdún 1911, pẹ̀lú owó ìrànlọ́wọ́ tí àjọ Carlsberg, tí ọlọ́tí bíà ńlá kan dá sílẹ̀ fún ìtẹ̀síwájú ìmọ̀, fún un. Ó gbé ìwé tí ó fi gba oyè lọ́wọ́, ó ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń retí pé àgbà náà yóò kà á. Thomson gbà á tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ṣùgbọ́n kò ráyè ka ìwé náà. Gẹ̀ẹ́sì Bohr kò já gaara; ó ń ka ìwé ìtàn Charles Dickens pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó lè mọ èdè náà sí i. Nígbà tí ó rí i pé ọ̀ràn òun kò ní ìlọsíwájú níbẹ̀, ó kó ẹrù rẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1912, ó kọjá sí Manchester lọ́dọ̀ Ernest Rutherford.

Ọmọ àgbẹ̀ láti ilẹ̀ New Zealand ni Rutherford, ohùn rẹ̀ a sì máa dún ní gbogbo ilé iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì, Geiger àti Marsden, ti ju àwọn ohun wẹ́wẹ́ kan tí ń ti ara radium jáde lu wúrà tí a tẹ́ pẹlẹbẹ ju ewé lọ. Èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn la wúrà náà kọjá bí ẹni pé kò sí ohun kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ta padà sí ẹ̀yìn. Láti inú èyí ni Rutherford ti sọ ní ọdún 1911 pé òfìfo ni ọ̀pọ̀ inú átọ́ọ̀mù, pé gbogbo ìwúwo rẹ̀ wà nínú kóró kékeré kan ní àárín gbùngbùn, àti pé àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wà ní òde kóró náà. Bí átọ́ọ̀mù bá tóbi tó pápá bọ́ọ̀lù, kóró rẹ̀ kò ní ju ẹyọ ọkà bàbà kan lọ.

Ìròyìn ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n ìṣòro ńlá kan bá a wá. Ẹ̀yin náà ti ta òkòtó rí. Bí òkòtó bá ń yí, agbára rẹ̀ ń tán díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ó bá sì tán, ó di dandan kí ó ṣubú. Gẹ́gẹ́ bí òfin ìmọ̀ tí gbogbo ayé gbà nígbà náà, ohunkóhun tí ó bá gbé agbára iná mànàmáná, tí ó sì ń yí po, gbọ́dọ̀ máa tan ìmọ́lẹ̀ jáde. Bí ó bá sì ń tan ìmọ́lẹ̀, agbára rẹ̀ ń dínkù. Nítorí náà, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ń yí kóró ká gbọ́dọ̀ máa sún mọ́ ọn títí yóò fi já lé e lórí, kì í sì í ṣe lẹ́yìn ọdún kan tàbí ọjọ́ kan, bí kò ṣe kí ojú tó ṣẹ́. Bí òfin yẹn bá rí bẹ́ẹ̀ nínú átọ́ọ̀mù, kò sí òkúta, kò sí igi, kò sí èmi àti ìwọ. Ṣùgbọ́n òkúta wà, àwa náà sì wà. Kí ni ó wá gbé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù dúró?

Àwọn ẹlòmíràn ronú pé àwòrán Rutherford ni kò tọ̀nà. Bohr, ẹni ọdún 26, ronú pé òfin náà ni kò dé inú átọ́ọ̀mù. Ó padà sí Dẹ́ńmáàkì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó ọdún 1912, ó gbé Margrethe Nørlund níyàwó ní ọjọ́ 1 oṣù Ògún, ọ̀ràn náà kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ohun kan wà tí ó lè dì mú. Ní ọdún 1900, Max Planck ní ilẹ̀ Jámánì ti rí i pé ooru àti ìmọ́lẹ̀ kì í ti ara ohun gbígbóná jáde bí omi tí ń ṣàn. Ó jọ ti obìnrin oníṣòwò gààrí tí ó ní kóńgò kan ṣoṣo ní ìsọ̀: kóńgò kan, méjì tàbí mẹ́ta ni yóò tà fún ọ, kì yóò ta ìdajì. Bohr mú èrò yìí wọ inú átọ́ọ̀mù. Ó ní kì í ṣe ibi tí ó bá wu ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni ó lè dúró. Agbo kan wà tí ó sún mọ́ kóró jù lọ, òmíràn wà lóde rẹ̀, òmíràn sì tún wà lóde ìyẹn, gẹ́gẹ́ bí ìdábùú igi lára àkàsọ̀. Ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ lé ìdábùú kìíní tàbí ìkejì, ṣùgbọ́n kò lè fi ẹsẹ̀ lé òfìfo tí ó wà láàrin wọn. Níwọ̀n ìgbà tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bá wà lórí agbo tirẹ̀, kì í tan ìmọ́lẹ̀, agbára rẹ̀ kì í sì í dínkù. Ìgbà tí ó bá bọ́ láti agbo òkè sí agbo ìsàlẹ̀ nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ń jáde, ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ náà sì jẹ́ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin agbo méjèèjì.

Èyí dára láti sọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n níbo ni ẹ̀rí wà? Ní oṣù Èrèlé ọdún 1913, H. M. Hansen, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó mọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀, bi í bóyá èrò rẹ̀ lè ṣàlàyé àwọn ìlà ìmọ́lẹ̀ háídírójìn. Bohr kò tíì fi ọkàn sí i. Hansen ní kí ó lọ wo ìṣirò Balmer.

Johann Balmer, bí èmi tí ń kọ ìwé yìí, jẹ́ olùkọ́. Ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin ni ó ti ń kọ́ni ní ìlú Basel ní ilẹ̀ Switzerland. Ó ti tó ẹni 60 ọdún kí ó tó ṣe ohun kan ṣoṣo tí a fi ń rántí rẹ̀, ní ọdún 1885, ọdún tí a bí Bohr gan-an. Bí a bá fi iná mànàmáná gba inú ìgò tí háídírójìn wà, yóò tan ìmọ́lẹ̀. Bí a bá sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ náà la dígí onígun mẹ́ta kọjá, kò ní tú sí òṣùmàrè odindi bí ti oòrùn, bí kò ṣe ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí òkùnkùn wà láàrin wọn: ọ̀kan pupa, ọ̀kan ní àwọ̀ aró tí ó fẹ́ jọ ewé, àwọn méjì sì jẹ́ elése àlùkò. Wọ́n ti wọn gígùn ìgbì àwọn ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: 656, 486, 434 àti 410, ní ìwọ̀n tí à ń pè ní nánómítà. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó so àwọn iye wọ̀nyí pọ̀. Balmer wá a títí ó fi rí i. Ẹ mú lẹ́ẹ̀dì kí ẹ bá a ṣe é. Ẹ fi 3 lọ́po ara rẹ̀, ó di 9. Ẹ yọ 4 kúrò, ó ku 5. Ẹ fi 9 lọ́po 364.56, kí ẹ sì fi 5 pín in: 656 ni yóò jáde. Ẹ tún fi 4 ṣe bẹ́ẹ̀, 16 àti 12 ni ẹ ó rí, ìdáhùn sì jẹ́ 486. Ẹ fi 5 ṣe é, lẹ́yìn náà kí ẹ fi 6 ṣe é, ìlà kẹta àti ìkẹrin yóò jáde. Balmer kú ní ọdún 1898 láìmọ ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Bohr rí ìṣirò yìí, gbogbo ọ̀ràn náà ṣí sí i lójú. 3, 4, 5 àti 6 ni iye agbo tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń bọ́. 4 tí a ń yọ sì jẹ́ 2 tí a fi lọ́po ara rẹ̀, nítorí agbo kejì ni gbogbo wọn ń bọ́ sí. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó bá bọ́ láti agbo kẹta sí ìkejì ni ó ń tan ìmọ́lẹ̀ pupa. Èyí tí ó bá ti agbo kẹrin bọ́ ni ó ń tan aláwọ̀ aró. Kì í ṣe pé Bohr kàn sọ bẹ́ẹ̀: láti inú ìwúwo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, iye iná mànàmáná tí ó gbé àti òṣùwọ̀n Planck ni ó ti ṣírò, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá iye tí Balmer ti lò mu.

Ó kọ ọ́, ó sì fi ránṣẹ́ sí Rutherford. Àgbà náà yìn ín, ṣùgbọ́n ó béèrè ìbéèrè kan tí ó le: báwo ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó fẹ́ bọ́ ṣe ń mọ agbo tí yóò bọ́ sí ṣáájú kí ó tó bọ́? Bohr kò ní ìdáhùn. Rutherford tún ní ìwé náà gùn jù, kí ó gé e kúrú. Níhìn-ín ni ọmọ jẹ́jẹ́ tí ọ̀rọ̀ kì í yá lẹ́nu rẹ̀ ti yarí. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Manchester, ó bá ọ̀gá rẹ̀ jókòó ní ọ̀pọ̀ alẹ́, ó ń ṣàlàyé ìdí tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan fi yẹ kí ó wà níbẹ̀, títí Rutherford fi juwọ́ sílẹ̀. Apá mẹ́ta ni ìwé náà jáde ní ọdún 1913, láti oṣù Agẹmọ títí di oṣù Bélú.

Ọ̀pọ̀ àgbà kò gbà á. Ṣùgbọ́n ìdánwò kan dé kíákíá. Àwọn ìlà ìmọ́lẹ̀ kan wà tí a ti rí lára ìràwọ̀, tí gbogbo ènìyàn sọ pé ti háídírójìn ni. Bohr ní rárá, ó ní ti hílíọ̀mù tí ó ti pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan nínú méjì tí ó ní ni wọ́n. Wọ́n fi hílíọ̀mù tí kò ní háídírójìn rárá sínú ìgò ní Manchester, wọ́n tan iná sí i, àwọn ìlà náà sì yọ. Fowler, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó mọ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ dáadáa, ní iye náà yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Bohr. Bohr rántí pé kóró náà kò dúró gbọin, ó ń mì díẹ̀ bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń yí i ká. Nígbà tí ó ka èyí kún un, ìyàtọ̀ náà pòórá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tún wà tí kò yẹ kí á gbàgbé. Henry Moseley, tí òun náà wà lọ́dọ̀ Rutherford, fi ìmọ́lẹ̀ ẹ́síréè yẹ èròjà ìpilẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan ní ọdún 1913 àti 1914. Ó rí i pé èròjà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí ó bá iye iná mànàmáná inú kóró rẹ̀ mu, iye ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ sì nìyẹn: háídírójìn 1, hílíọ̀mù 2, títí lọ. Láti ìgbà náà ni a ti lè pe èròjà bí olùkọ́ ti ń pe orúkọ ọmọ ní kíláàsì, kí á sì mọ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀, Moseley wọ iṣẹ́ ológun, ọta ìbọn sì pa á ní Gallipoli ní ilẹ̀ Tọ́kì ní ọjọ́ 10 oṣù Ògún, ọdún 1915. Ẹni ọdún 27 ni.

Ní ọdún 1916, wọ́n fi Bohr jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Copenhagen, ní ọdún 1921 sì ni wọ́n ṣí ilé ìwádìí tí wọ́n kọ́ fún un. Níbẹ̀ ni ó ti gbìyànjú láti to ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gbogbo èròjà sí agbo wọn. Agbo kìíní kò gbà ju 2 lọ. Agbo kejì gba 8, ìkẹta gba 18, ìkẹrin gba 32. Ẹ rántí ìlọ́po Balmer: 1, 4, 9 àti 16; bí a bá sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po méjì, àwọn iye wọ̀nyí ni yóò jáde.

Ìṣesí èròjà kọ̀ọ̀kan wá di ohun tí ó yéni. Neon ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 10: 2 nínú agbo kìíní, 8 nínú ìkejì. Agbo rẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú, kò wá nǹkan kan lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ìdí nìyẹn tí kì í fi í bá èròjà mìíràn dà pọ̀. Sódíọ̀mù ní 11: 2, 8, ó sì ku ẹyọ kan ṣoṣo ní agbo òde, èyí tí ó tètè máa ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kúlórínì ní 17: 2, 8 àti 7, ẹyọ kan ni ó kù kí agbo òde rẹ̀ pé 8. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, sódíọ̀mù a fi ẹyọ tirẹ̀ sílẹ̀, kúlórínì a sì gbà á. Sódíọ̀mù nìkan a máa gbiná bí ó bá kan omi. Kúlórínì nìkan jẹ́ oró tí wọ́n fi pa àwọn ọmọ ogun nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Àjọṣe àwọn méjèèjì ni iyọ̀ tí à ń fi sọ́bẹ̀. Àwọ̀ ìyeyè tí a sì ń rí bí iyọ̀ bá dà sínú iná, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù òde sódíọ̀mù ni, tí ooru gbé sókè, tí ó sì ń padà bọ́ sí àyè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀ràn ti fẹ́ bàjẹ́ fún Bohr ni èròjà nọ́ńbà 72, tí a kò tíì rí nígbà náà. Àwọn èròjà kan tí wọ́n jọ ara wọn púpọ̀ wà ṣáájú rẹ̀, tí ó ṣòro láti yà sọ́tọ̀. Georges Urbain, àgbà onímọ̀ kẹ́mísìrì ní Paris, ní ọmọ ìdílé wọn ni nọ́ńbà 72, àti pé òun ti rí i láàrin wọn. Gẹ́gẹ́ bí ètò Bohr, èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ìdí tí àwọn ará ìdílé yẹn fi jọra ni pé agbo kẹrin, tí ó wà ní inú lọ́hùn-ún, ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wọn ń kún, tí òde wọn kò sì yí padà. Agbo kẹrin náà ti pé 32 ní nọ́ńbà 71. Nítorí náà, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tuntun ti nọ́ńbà 72 gbọ́dọ̀ bọ́ sí agbo òde, ìṣesí rẹ̀ yóò sì jọ ti zirconium, nọ́ńbà 40. Bí Urbain bá jàre, ètò Bohr wó lulẹ̀ níbẹ̀.

Méjì nínú àwọn tí ń bá Bohr ṣiṣẹ́, Dirk Coster láti ilẹ̀ àwọn Dọ́ọ̀ṣì àti George de Hevesy láti Họ́ńgárì, lọ wá a nínú òkúta tí zirconium wà. Ọdún 1789 ni a ti mọ zirconium, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì ti yẹ̀ ẹ́ wò fún ọdún tí ó lé ní 130. Wọ́n fi ẹ́síréè Moseley yẹ òkúta náà wò, nọ́ńbà 72 sì wà níbẹ̀, ó ti fara pa mọ́ síbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Lásìkò yìí, Bohr ti wà ní Stockholm ní ilẹ̀ Swídìn, níbi tí ó ti lọ gba Ẹ̀bùn Nobel ọdún 1922 lórí ẹ̀kọ́ físíìsì. Coster fi tẹlifóònù pè é. Ní ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀pẹ, nígbà tí Bohr dìde láti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó kéde rẹ̀ fún gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀. Wọ́n sọ èròjà náà ní hafnium, láti inú orúkọ tí èdè Látìn ń pe Copenhagen.

Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lè rò pé òun ti dé òpin ìmọ̀. Bohr kò rò bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé ìṣirò agbo òun tọ̀nà fún háídírójìn tí ó ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan, ṣùgbọ́n kò jọ níbi hílíọ̀mù tí ó ní méjì péré. Ó pe àwọn ọ̀dọ́ jọ láti ilẹ̀ gbogbo, ó sì jẹ́ kí wọ́n bá òun jiyàn. Ní ọdún 1922, nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ ní Göttingen ní ilẹ̀ Jámánì, ọmọ 20 ọdún kan tí ń jẹ́ Werner Heisenberg dìde láti ta kò ó ní gbangba. Lẹ́yìn ìpàdé, Bohr pè é kí àwọn jọ rìn lọ sórí òkè láti túbọ̀ sọ ọ́. Ní ọdún 1925, Wolfgang Pauli rí ìdí tí agbo kan kì í fi í gbà ju iye tirẹ̀ lọ: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì kò lè wà ní ipò kan náà nínú átọ́ọ̀mù kan. Ní ọdún yẹn ni Heisenberg, àti ní ọdún 1926 ni Erwin Schrödinger, gbé ìṣirò tuntun jáde, èyí tí ó fi hàn pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kò ní ipa ọ̀nà tí à á tọ̀ bí ti òṣùpá. Ohun tí a lè mọ̀ ni ibi tí ó ṣeé ṣe jù lọ kí á bá a, ó sì rí bí àwọsánmà tí ó yí kóró ká. Iye 2, 8, 18 àti 32 dúró, ṣùgbọ́n ipa ọ̀nà roboto tí Bohr fà ní ọdún 1913 parẹ́ kúrò nínú ìmọ̀. Òun ni ó ran àwọn tí wọ́n pa á rẹ́ lọ́wọ́ jù lọ. Nígbà tí Schrödinger wá sí Copenhagen tí àìsàn sì dá a dùbúlẹ̀ ní ilé Bohr, Margrethe ń gbé tíì lọ fún un, ọkọ rẹ̀ sì jókòó ti ibùsùn aláìsàn, ó ń bá ìjiyàn lọ.

Ọmọkùnrin mẹ́fà ni Bohr àti Margrethe bí. Christian, àkọ́bí wọn, kú sínú òkun ní ọdún 1934 níṣojú bàbá rẹ̀ nínú ọkọ̀ wọn. Òmíràn kú ní kékeré. Aage, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kù, gba Ẹ̀bùn Nobel tirẹ̀ ní ọdún 1975.

Àwọn ọmọ ogun Jámánì gba Dẹ́ńmáàkì ní ọjọ́ 9 oṣù Igbe, ọdún 1940. Nítorí pé Júù ni ìyá rẹ̀, ẹ̀mí Bohr wà nínú ewu. Ní òru ọjọ́ 29 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, ọdún 1943, òun àti aya rẹ̀ fi ọkọ̀ ojú omi sá lọ sí Swídìn. Kò sinmi níbẹ̀. Ó tọ ọba ilẹ̀ náà lọ láti bẹ̀bẹ̀ fún àwọn Júù Dẹ́ńmáàkì. Ìjọba Swídìn kéde pé àwọn yóò gbà wọ́n, àwọn tí ó lé ní 7,000 sì ríbi sá sí. Ọkọ̀ òfuurufú ogun kékeré kan gbé e láti ibẹ̀ lọ sí Britain. Orí rẹ̀ tóbi ju fìlà tí wọ́n fi ń gbọ́ràn nínú ọkọ̀ náà lọ, kò gbọ́ nígbà tí awakọ̀ ní kí ó fa afẹ́fẹ́ sínú, ó sì dákú títí ọkọ̀ fi sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ gbé pọ̀. Ó dé Amẹ́ríkà, ó bá wọn dá sí iṣẹ́ bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ogun ni ó gbà á lọ́kàn. Ní ọdún 1944, ó rí Churchill, ó rí Roosevelt, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ọ̀ràn náà hàn fún Rọ́ṣíà kí orílẹ̀-èdè má baà máa fi bọ́ǹbù bá ara wọn díje. Churchill kò fẹ́ gbọ́ rárá. Ní ọdún 1950, ó kọ lẹ́tà gbangba sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ọ̀ràn kan náà.

Ó padà sí ilé ìwádìí rẹ̀ ní Copenhagen ní ọdún 1945, ibẹ̀ ni ó sì ti darúgbó. Ní ọjọ́ 17 oṣù Bélú, ọdún 1962, àwọn òpìtàn ìmọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ láti gba ìrántí rẹ̀ sílẹ̀ nípa àwọn ọjọ́ tí ó ń wá àyè ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ní ọjọ́ kejì ni ó kú ní ilé rẹ̀, ní ẹni ọdún 77. Wọ́n bá àwòrán lára pátákó ìkọ̀wé rẹ̀, èyí tí ó yà kẹ́yìn: àpótí kan ni, àpótí tí Einstein fi bá a jiyàn ní ọdún 1930. Einstein ti kú láti ọdún 1955.